Kò bàjẹ́ o: ìdáhùn fún ẹni tó ra Muscadet, tó rò pé Moscato ni

Ìbéèrè tí òǹkàwé wa kan kọ ránṣẹ́ láti Peckham, ní London, rè é: “Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí 70 ọdún màmá wa lóṣù tó ń bọ̀. Mo ra páálí wáìnì funfun kan, ìgò 12, torí mo rí Muscadet lára rẹ̀, mo sì rò pé Moscato tí màmá fẹ́ràn ni. Lánàá, níbi tí a ti ń tọ́ kéèkì tí a fẹ́ lò wò, mo ṣí ìgò kan. Kò dùn rárá. Ó kan, ó sì ń ta ahọ́n bíi pé wọ́n fi sódà díẹ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti ń di ọtí kíkan, kí n dá gbogbo rẹ̀ padà. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni ‘Muscadet Sèvre et Maine Sur Lie’. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Kí ni sur lie? Irú oúnjẹ wo ló bá a lọ, ṣé a sì lè fi èyí tó bá ṣẹ́kù pamọ́?”

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìnáwó màmá. Ẹ̀mí wọn á ṣe púpọ̀ láyé, ẹ óò sì ṣe ti 80 àti 90.

Wáìnì yín kò bàjẹ́. Gbogbo ohun tí ẹ kà sí àléébù, pé kò dùn, pé ó kan, pé ó ń ta ahọ́n, òun gan-an ló sọ fún mi pé ara rẹ̀ le. Ọdún kẹrìnlá rè é tí mo ti ń ta wáìnì ní ìlú yìí, kò sì sí wáìnì tí àwọn èèyàn wa ń dá padà láìṣẹ̀ bí eléyìí. Orúkọ ló ń kó o sí wàhálà. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n kí wọ́n ní sùúrù, kí n tó dé ìparí ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Moscato àti Muscadet jọra létí nìkan ni. Àjàrà tí wọ́n ń pè ní Muscat ni wọ́n fi ń ṣe Moscato. Èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn, Moscato d'Asti, ará Piedmont ni, lápá àríwá ìwọ̀ oòrùn Ítálì. Kí ìwúkàrà tó jẹ ṣúgà inú omi àjàrà náà tán ni wọ́n ti máa ń fi òtútù dá a dúró, ìdí nìyẹn tí ọtí inú rẹ̀ kì í fi í ju bíi 5% lọ, tí ṣúgà inú lítà kan sì lè ju gíráàmù 100 lọ. Ti Muscadet kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹyọ Muscat kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe é ń jẹ́ Melon de Bourgogne, ewé rẹ̀ rí roboto, kò sì ní nǹkan kan án ṣe pẹ̀lú mẹ́lọ́ònù tí à ń jẹ. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ìwúkàrà jẹ ṣúgà rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, débi pé èyí tó ṣẹ́kù nínú lítà kan kì í sábà ju gíráàmù 3 lọ. Ẹni tó bá gbé e sẹ́nu, tó ń retí Moscato, ẹnu rẹ̀ á kọ̀ ọ́. Ẹnu ẹnikẹ́ni ló máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì tó kó bá a lọ́dọ̀ yín ni kéèkì. Tí ṣúgà bá ti wà lórí ahọ́n, wáìnì gbígbẹ èyíkéyìí, ìyẹn èyí tí kò dùn, tó bá tẹ̀ lé e á kan gógó, bí ọsàn ṣe máa ń kan téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lá oyin tán. Ẹ tún un tọ́ wò lọ́nà tó tọ́. Ẹ fi omi fọ ẹnu, ẹ jẹ́ kó tó ìdajì wákàtí, ẹ wá din ẹja díẹ̀, ẹ fi iyọ̀ sí i, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ẹ jẹ òkèlè kan, kí ẹ tó mu wáìnì náà. Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n náà wà níbẹ̀.

Kí ọkàn yín lè balẹ̀ pátápátá, ẹ wo bí ó ṣe máa rí ká ní ó ti bàjẹ́ lóòótọ́. Àwọ̀ rẹ̀ á ti pọ́n bí tíì tó ti tutù. Èyí tó dára máa ń mọ́ bí omi ni, tó kàn fi àwọ̀ ewé díẹ̀ hàn tí ẹ bá gbé gíláàsì sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Tó bá ti ń di ọtí kíkan, imú ni ẹ máa kọ́kọ́ fi mọ̀ kó tó dé ẹnu, torí òórùn rẹ̀ á gún yín nímú bí oje tí wọ́n fi ń kun èékánná. Tó bá jẹ́ pé kọ́ọ̀kì rẹ̀ ló ní àrùn, òórùn àkísà tó tutù tí wọ́n ká jọ sí kọ̀rọ̀ yàrá ló máa rùn. Ẹ ò kọ èyíkéyìí nínú wọn sí mi. Tí ẹ bá tún rí nǹkan kéékèèké tó ń dán bí hóró iyọ̀ ní ìdí ìgò lẹ́yìn tó ti pẹ́ nínú fìríìjì, ásíìdì àjàrà fúnra rẹ̀ ló dì. Kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Níbo wá ni irú wáìnì báyìí ti ń wá? Ilẹ̀ Faransé ni, níbi tí odò Loire ti fẹ́ wọ òkun. Nantes ni ìlú ńlá ibẹ̀, láti ibẹ̀ dé etíkun Àtìláńtíìkì kò ju bíi kìlómítà 50 lọ. Tí ẹ bá jáde ní Nantes, tí ẹ kọjú sí gúúsù àti ìlà oòrùn, ẹ óò kan odò kéékèèké méjì, Sèvre Nantaise àti Maine. Orúkọ àwọn odò yẹn ló wà lára ìgò yín. Àárín wọn àti àyíká wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú Muscadet ti ń wá: Vallet, Clisson, Gorges, Le Pallet, Vertou, La Haye-Fouassière. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní òkè gíga, ojú ọjọ́ ibẹ̀ kì í gbóná jù, afẹ́fẹ́ òkun ò sì jìnnà sí i. Èso tó bá gbó níbi tútù bẹ́ẹ̀ kì í pàdánù kíkan rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wáìnì funfun, wọ́n tún máa ń jẹ́ kí kòkòrò àìrí kan sọ ásíìdì tó mú bí ti ápù di èyí tó rọ̀ bí ti wàrà. Ní Nantes, wọn kì í sábà gbà kí ìyẹn ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, kíkan tí ẹ tọ́ wò yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tọ́jú rẹ̀ ni.

Àpáta ni ilẹ̀ náà nísàlẹ̀, àpáta tó ti pẹ́ gan-an láyé. Ní Clisson, granite ni. Ní Gorges, gabbro ni, òkúta dúdú wíwúwo tí amọ̀ bò lórí. Láwọn ibòmíràn, gneiss ni. Tí ẹ bá gbé Clisson àti Gorges sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti Clisson máa ń kún lẹ́nu, ó máa ń mú èso pípọ́n wá síni lọ́kàn. Ti Gorges máa ń le, ó máa ń pa ara rẹ̀ mọ́, ó sì máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀, àjàrà kan náà ni, kò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú mọ́tò lọ láti ọ̀kan sí èkejì. Ohun tó mú mi fẹ́ràn agbègbè náà nìyẹn. Àjàrà náà kò ní òórùn tó ń pariwo, ó kàn ń jẹ́ kí ilẹ̀ sọ tẹnu rẹ̀ ni.

Melon kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Bourgogne, lápá ìlà oòrùn ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti mú un wá, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ DNA rẹ̀ wò ní ìparí ọ̀rúndún tó kọjá, wọ́n rí i pé Pinot àti Gouais Blanc ló bí i, bàbá àti ìyá kan náà tó bí Chardonnay. Àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ni wọ́n. Ọ̀kan di ọba káàkiri ayé, èkejì lọ jókòó sẹ́bàá òkun. Òtútù ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1709, òtútù kan mú ní gbogbo Yúróòpù tó fi jẹ́ pé odò dì, igi dì, àjàrà sì kú lọ bẹẹrẹ. Melon fara da òtútù ju ọ̀pọ̀ lọ, òun ni àwọn àgbẹ̀ Nantes sì yàn nígbà tí wọ́n ń gbin ọgbà wọn padà.

Àwọn oníṣòwò ará Netherlands náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, kódà ṣáájú ọdún yẹn. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni wọ́n ti ń wá sí èbúté Nantes láti ra wáìnì funfun tí kò lágbára. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ mu ún bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń sè é ni, tí wọ́n ń gba ooru rẹ̀ sílẹ̀, bí àwọn tiwa ṣe ń fi ẹmu ṣe ògógóró, ó sì ń di bràńdì. Nítorí wọn ni àwọn àgbẹ̀ ṣe kọjú sí àjàrà funfun ju ti pupa lọ.

Mi ò lè kọjá níbi tí mo ti dárúkọ èbúté Nantes kí n má sọ ìyókù, torí ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Nínú gbogbo èbúté ilẹ̀ Faransé, Nantes ló rán ọkọ̀ ojú omi jù lọ lọ kó ẹrú. Ìrìn-àjò wọn lé ní 1,700, ọ̀rúndún kejìdínlógún ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wáyé. Bràńdì wà lára ẹrù tí wọ́n ń kó wá sí etíkun wa, sí Ouidah, láti fi pààrọ̀ èèyàn. Àwọn tí Faransé ń pè ní Nago, àwọn èèyàn wa, wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Saint-Domingue, tó di Haiti lónìí. Ní ọdún 2012, ìlú Nantes ṣí ibi ìrántí kan sí etí odò Loire, ní Quai de la Fosse. Wọ́n tẹ́ gíláàsì pẹlẹbẹ 2,000 sí ilẹ̀ ibẹ̀, orúkọ ọkọ̀ ojú omi ló sì wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ ra wáìnì lágbègbè yẹn, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo rọra ń rìn, mo ń ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn orúkọ náà dára létí, orúkọ obìnrin wà níbẹ̀, orúkọ ìwà rere wà níbẹ̀. Mi ò lè fi ẹnu kan wáìnì lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ kejì ni mo tó lọ sí oko.

Ẹ béèrè ohun tí sur lie jẹ́. Èyí ni mo fẹ́ràn jù láti dáhùn, torí Yorùbá ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ gangan. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni “lie” lédè Faransé. Sur lie ni “lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀”. Àwọn tó ń ka Bíbélì Yorùbá ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Nínú Jeremáyà orí 48, ibi tí wòlíì ti fi Móábù wé wáìnì tó sinmi lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀, ohun tó sọ ni pé wọn kò dà á láti inú ohun èlò kan sí òmíràn, ìdí nìyẹn tí adùn rẹ̀ fi wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, tí òórùn rẹ̀ kò sì yí padà. Ìbáwí ni fún Móábù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nípa wáìnì tó wà nínú rẹ̀ péye dé góńgó. Tí mo bá fẹ́ kọ́ ẹnì kan ní iṣẹ́ sur lie, ẹsẹ yẹn ti tó mi.

Ẹni tó bá ti wo ìdí akèrègbè ẹmu mọ ohun tí mò ń sọ. Funfun kíki tó máa ń sùn sísàlẹ̀ yẹn, ìwúkàrà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tó ń jẹ ṣúgà tó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Tí ṣúgà bá tán, wọ́n á kú, wọ́n á sì rọra balẹ̀. Ọ̀pọ̀ aṣewáìnì funfun máa ń tètè dà á kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí. Àwọn ará Nantes kì í dà á. Wọ́n á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ la ìgbà òtútù kọjá, wọn ò ní mì ín, wọn ò ní gbé e kúrò lójú kan. Òfin wọn ni pé àárín March sí November ọdún tó tẹ̀ lé ìkórè ni wọ́n gbọ́dọ̀ rọ ọ́ sínú ìgò, tààrà láti orí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà, níbi tí wọ́n ti ṣe é gan-an. Wọn ò gbọ́dọ̀ kó o sínú ọkọ̀ lọ rọ níbòmíràn kí wọ́n tún kọ sur lie sí i lára.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìsinmi yẹn ń ṣe. Àkọ́kọ́, òkú ìwúkàrà máa ń gba afẹ́fẹ́ tó lè ba wáìnì jẹ́ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ rẹ̀ fi ń mọ́ tónítóní títí. Ẹ̀ẹ̀kejì, ara wọn máa ń tú díẹ̀díẹ̀, ohun tó ń jáde lára wọn á sì wọnú wáìnì náà, á fún un lára, kíkan rẹ̀ ò sì ní gbẹ lẹ́nu bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ lásán. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni èyí tó dẹ́rù bà yín. Nígbà tí ìwúkàrà ń jẹ ṣúgà, gáàsì ń jáde. Torí pé ẹnikẹ́ni kò da wáìnì náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, gáàsì náà kò rí ọ̀nà jáde tán, díẹ̀ nínú rẹ̀ bá wáìnì wọ ìgò. Òun ló ta yín ní ahọ́n. Ẹ tún gíláàsì kan bù, kí ẹ gbé e sún mọ́ ojú: ẹ óò rí ìfófòó tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì. Tí ẹ bá fẹ́ kó lọ, ẹ fì í díẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta ò ní kọjá. Ní tèmi, mi ò ní fì í.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ nípa bí àṣà náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn àgbẹ̀ máa ń ya àgbá tó dára jù sọ́tọ̀ fún ìgbéyàwó ọmọ tàbí àsè ilé. Torí pé wọn ò fẹ́ tà á, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án, ó wà lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ àsè bá pé, tí wọ́n ṣí i, ó máa ń dùn ju gbogbo èyí tí wọ́n ti dà kúrò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọjọ́ ìbí màmá, ẹ ti ra wáìnì àsè láìmọ̀.

Mo fẹ́ fi ohun kan tí mo rí hàn yín. Oṣù January ni, òjò ń pa wá, a sì sá wọ ilé ìpọntí kan lẹ́bàá Clisson. Mò ń wo ọ̀tún wo òsì, mi ò rí àgbá kankan. Bàbá onílé rẹ́rìn-ín, ó ní abẹ́ ẹsẹ̀ mi ni wọ́n wà. Lóòótọ́, inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ kòtò wáìnì sí lágbègbè yẹn, wọ́n á fi kọnkéré mọ ọ́n, wọ́n á sì fi gíláàsì tàbí táìlì tẹ́ inú rẹ̀. Ilẹ̀ máa ń tutù bákan náà tọ̀sán tòru. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó ṣí ìdérí irin kan tó rí bí ìdérí kànga, ó sì fi páìpù gíláàsì gígùn fa díẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀. Ohun tó dà sínú gíláàsì mi rí bí omi ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Òórùn rẹ̀ ni ti ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n pò sílẹ̀ láti òru. Mo gbé e sẹ́nu: ó tutù, ó kan, iyọ̀ wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́, ó sì kún lẹ́nu ju bí ojú rẹ̀ ṣe rí lọ. Ó dé ìdérí náà padà wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń bo ọmọ tó sùn. Ó ní títí di March, òun ò tún ní ṣí i.

Iṣẹ́ yìí kò rọrùn fún wọn. Ìrì dídì April ni ọ̀tá wọn, torí òun ló ń pa ọ̀mùnú ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ti 1991 kó ìbànújẹ́ bá gbogbo agbègbè náà, ti 2008 tún wá, lẹ́yìn náà 2016, 2017, 2019 àti 2021. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti ta wáìnì tó ṣàn bí omi púpọ̀ jù fún àwọn ilé ìtajà ńlá, orúkọ Muscadet sì ti wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ti hú àjàrà wọn. Ó dùn mí, torí pé àwọn tó kù ń ṣe wáìnì tó dára ju ti ìgbà kígbà rí lọ, owó tí wọ́n sì ń gbà kéré sí iṣẹ́ wọn. Tí ẹ bá rí i pé ó wọ́n díẹ̀ lọ́dún kan, ẹ ti mọ ohun tó fà á.

Tí ẹ bá tún fẹ́ ra òmíràn, orúkọ agbègbè ni kí ẹ wò. Muscadet Sèvre et Maine gba ẹ̀rí òfin ní 1936, èyí tí wọ́n kàn pè ní Muscadet gba tirẹ̀ ní 1937. Ẹ wá Sur Lie lára ìgò, kí ẹ wo ọdún ìkórè, kí ẹ má sì ra èyí tó ti ń gba oòrùn nínú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Lókè àwọn wọ̀nyí ni àwọn tó ń jẹ́ orúkọ abúlé tàbí àdúgbò wọn. Clisson, Gorges àti Le Pallet ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí, ní 2011, àwọn mìíràn bíi Goulaine àti Château-Thébaud sì tẹ̀ lé wọn. Ti Clisson àti Gorges máa ń lò tó ọdún méjì lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Muscadet ò lè dàgbà, ẹ gbé Gorges ọlọ́dún mẹ́wàá fún un.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kù. Nílé wọn, oríṣi ẹran inú ìkarahun òkun tí wọ́n ń pè ní huître ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ní tútù, bí òkun ṣe fi í lélẹ̀. Mi ò ní kí ẹ lọ wá ìyẹn fún àwọn àlejò màmá. Ohun tó ń bá iyọ̀ òkun lọ ń bá ẹja tiwa náà lọ. Ẹja yíyan tí ata rẹ̀ ò pọ̀ jù, ẹja díndín, ede, akàn, ìṣáwùrú fún ẹni tó bá rí i rà: gbogbo rẹ̀ ni Muscadet gbà tọwọ́tẹsẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó wù mí jù, àkàrà ni. Àkàrà gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ta kọ́ọ́kọ́ọ́. Kíkan wáìnì náà máa ń gé epo kúrò lẹ́nu, ẹ̀wà náà sì máa ń mú kí adùn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn jáde kedere. Mo ti fún àwọn oníbàárà Faransé jẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí n kọ orúkọ àkàrà sílẹ̀ fún àwọn. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ja náà dára sí i.

Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ṣeé ṣe, tí wọ́n bá dín ata rẹ̀ kù. Ọtí inú Muscadet kì í sábà ju bíi 12% lọ, ìyẹn ni kì í fi í dá iná kún ata bí wáìnì alágbára ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sún mọ́ ẹ̀gúsí, ẹ̀wà àgányìn tàbí ọbẹ̀ tí irú bá ti pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn yẹn máa bò ó mọ́lẹ̀. Kéèkì ńkọ́? Ẹ ti rí i fúnra yín.

Bí mo ṣe máa ṣe é ká ní èmi ni yín rè é. Ẹ ṣẹ́ ìgò 11 kù. Ìgò kan á kún gíláàsì bíi mẹ́fà, gíláàsì 66 nìyẹn. Ẹ gbé e jáde níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí àkàrà àti ẹja bá ń lọ yípo. Ẹ fi í sínú fìríìjì láti àárọ̀, kí ẹ sì mú un jáde ní bíi ìṣẹ́jú 15 ṣáájú kí ẹ tó bù ú. Tó bá tutù jù, ohun tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fi sínú rẹ̀ ò ní hàn, kíkan nìkan lẹ máa mọ̀. Fún màmá, ẹ ra Moscato d'Asti mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́tọ̀, kí ẹ ṣí i nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gé kéèkì. Adùn bá adùn lọ, wọ́n á sì rí ohun tí wọ́n fẹ́ràn mu.

Èyí tó bá ṣẹ́kù tí ẹ ò tíì ṣí, ẹ fi í sí ibi tó ṣókùnkùn, tó tutù, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ lórí fìríìjì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta kò ní ṣe irú tiyín ní nǹkan kan. Èyí tí ẹ bá ti ṣí, ẹ dé e padà, ẹ gbé e sínú fìríìjì, kí ẹ mu ún tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ bá mi kí màmá kú oríire. Tí ẹ̀gbọ́n bá ti fi àkàrà tọ́ ọ wò, ẹ kọ èsì tí wọ́n bá fọ̀ ránṣẹ́ sí mi.